Ọdún 22 nínú báǹkì, wọ́n já ìwé lé mi lọ́wọ́. Ṣé ọjọ́ orí wa ni wọ́n ń lé ni?

BàbáRóònkẹ́ · Mọ́ńdè, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o gbogbo ilé. Mi ò kì í sábà kọ nǹkan síbí, tiyín ni mo máa ń kà, ṣùgbọ́n tòní ti kọjá kíkà.

Fúráídè tó kọjá, aago mẹ́rin ku díẹ̀, wọ́n pè mí pé kí n máa bọ̀ ní hẹ́ẹ̀dì ọ́fíìsì. Ọmọ ọdún 51 ni mí. 2003 ni mo wọ báǹkì yẹn, ọdún 22 géérégé. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí Soludo, tó jẹ́ gómìnà báǹkì àpapọ̀ (CBN) nígbà yẹn, ní kí báǹkì kọ̀ọ̀kan lọ wá bílíọ̀nù 25 náírà, tí báǹkì 89 di 25, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ bóyá iṣẹ́ òun ṣì máa wà lọ́la. A sùn sí báǹkì mọ́jú nígbà tí wọ́n ń da ìwé báǹkì méjì pọ̀ mọ́ra. Mo ṣe tẹ́là, mo ṣe yàrá owó, mo ṣe clearing, títí mo fi di ẹni tó ń bójú tó operations ní odidi ẹ̀ka kan.

Ọmọkùnrin HR tó já ìwé lé mi lọ́wọ́, kọ́pà ni nígbà tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa, èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di owó ní bọ́ńdù. Ó ní "Dádì, ẹ má bínú, iṣẹ́ ni wọ́n rán mi." Dádì! Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ọ̀gá ló ń pè mí. Ìlà mẹ́fà péré ni lẹ́tà yẹn: wọ́n ń tún ilé-iṣẹ́ tò, wọn ò nílò iṣẹ́ mi mọ́, wọ́n dúpẹ́. Ó ní kí n fọwọ́ sí ẹ̀dà kejì kí n tó dìde. Mo ní màá lọ kà á nílé. Kí n tó padà dé ẹ̀ka wa, ímeèlì mi ti kú, káàdì ẹnu ọ̀nà mi ò ṣí nǹkan kan mọ́, sẹ́kúrítì ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Òun náà ló bá mi gbé páálí dé ìdí mọ́tò: kọ́ọ̀bù kan, fọ́tò àwọn ọmọ, bàtà tí mo máa ń wọ̀ lábẹ́ tábìlì, kalikulétọ̀ tí nọ́ńbà 7 ti pa rẹ́ lójú ẹ̀. Mo na owó sí i, ó ní "Rárá ọ̀gá, ti òní kọ́."

Àwa mẹ́sàn-án ni wọ́n fún ní ìwé ní agbègbè wa. Mo mọ ọjọ́ orí àwọn méje, kò sẹ́ni tí kò tíì pé 45 nínú wọn. Àwọn tó ṣẹ́ kù ní ọ́fíìsì mi, ọmọ ọdún 28, ọmọ ọdún 30. Wọ́n sì ní kì í ṣe ọjọ́ orí.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n fọwọ́ sí i? Ṣé ẹjọ́ wà níbẹ̀? Mo ṣì ń jẹ owó tí mo yá lọ́wọ́ báǹkì náà, ọmọ méjì sì wà ní yunifásítì.

ÌyáTòsín_Ṣàgámù · Mọ́ńdè, 9:31 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá Róònkẹ́. Ojú mi rí i rí. 2016 ni wọ́n ṣe é fún ọkọ mi, ọdún tí Ngige tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ nígbà yẹn ní kí àwọn báǹkì dáwọ́ lílé èèyàn dúró, a gbọ́ ọ lórí rédíò, a ń yọ̀, tiwa ti ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé owó tí wọ́n bá fún yín, ẹ má fọwọ́ kàn án fún oṣù mẹ́ta. Ọkọ tèmi ra kórópe méjì lóṣù yẹn gan-an torí pé ojú ń tì í láti jókòó sílé, ó sì fi lé àwọn dírẹ́bà tí a ò mọ̀ rí lọ́wọ́, kí ọdún tó yípo ọ̀kan ti wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì tí kò kúrò níbẹ̀ mọ́, èkejì a ò rí dírẹ́bà a ò rí mọ́tò. Tí kì í bá ṣe ilé ìdáná mi, ebi ì bá pa wá. Àti pé ti owó pẹ́ńṣọ̀n yín, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà wọ́n á fún yín ní ìdá 25 nínú 100, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ fún wa.

KọláPOS · Mọ́ńdè, 9:40 alẹ́

Bàbá, ẹ gbàgbé báǹkì, ẹ wá gba POS lọ́wọ́ mi, lọ́jọ́ kan ṣoṣo owó á máa wọlé

ÌyáTòsín_Ṣàgámù · Mọ́ńdè, 9:42 alẹ́

Kọlá, a ń sọ̀rọ̀ àgbà níbí.

HRTẹ́lẹ̀_Àgbárá · Mọ́ńdè, 10:20 alẹ́

Mo fi ọdún 14 ṣe HR ní ilé-iṣẹ́ kan ní Àgbárá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti jókòó ti irú lístì yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń lọ kí ẹ tó bú mi.

Kò sí ẹni tó máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ yọ àwọn àgbà. Iye owó ló máa ń wá látòkè: ẹ rí i pé owó oṣù dín tó báyìí kí ọdún tó parí. Tó o bá wá tẹ́ ìwé owó oṣù sílẹ̀ láti òkè délẹ̀, ta ló máa wà lókè? Ẹni tó ti pẹ́ ni. Tó o bá yọ ẹnì kan níbẹ̀, o lè rí ohun tí ẹni mẹ́rin nísàlẹ̀ ò ní fún ẹ. Owó ni wọ́n ń lé, ọjọ́ orí kàn bá owó wọ mọ́tò kan náà ni.

Ṣùgbọ́n láyé àtijọ́ ẹni tó pẹ́ ṣòro lé, gratuity, owó ìdágbére tí wọ́n ń fi ọdún iṣẹ́ ṣírò, ló ń gbèjà ẹ̀. Ẹni ọdún 20, ọdún 25, tẹ́ ẹ bá ní kó máa lọ, owó tẹ́ ẹ máa kà fún un á dùn yín dé egungun. Nígbà tí òfin pẹ́ńṣọ̀n 2004 dé, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ aládàáni fi í pa gratuity rẹ́, wọ́n ní pẹ́ńṣọ̀n ti rọ́pò ẹ̀. Láti ìgbà náà, iye tó máa ná wọn láti lé ẹni ọdún 22 àti láti lé ẹni ọdún 4, ó ti súnmọ́ra gan-an. Èmi ò rí ẹni tó ń sọ ìyẹn, òun gan-an sì ni mo rò pé ó fa gbogbo eléyìí.

Nǹkan kejì: orúkọ. Lẹ́yìn tí a bá ti mọ iye owó, a máa ní kí olórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan mú orúkọ wá. Ibẹ̀ ni ojúsàájú ti ń wọlé. Ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n lókè, orúkọ ẹ̀ á ti kúrò kí lístì tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹni tó ti wà lójú kan fún ọdún 6, 7 láìgba ìgbéga, wọ́n á ní kò lọ síwájú mọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn náà ni wọn ò gbé e ga. Bàbá Róònkẹ́, operations tẹ́ ẹ wà yẹn, nígbà tí wọ́n kó iṣẹ́ ẹ̀yìn káńtà lọ sí ojú kan tí áàpù sì gba ìyókù, ta ló kù níbẹ̀? Àwọn ọmọdé ti lọ ṣe máríkẹ́tìn.

Torí náà ẹni tó ní kì í ṣe ọjọ́ orí ò purọ́ tán, ẹni tó ní ọjọ́ orí ni náà ò purọ́.

Ọmọ_Mushin · Mọ́ńdè, 10:47 alẹ́

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má bínú sí mi, ó dùn mí fún Bàbá Róònkẹ́ o. Ṣùgbọ́n ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bíi pé àwa ọmọdé ń gbádùn. Ọmọ ọdún 27 ni mí, tẹ́là ni mí, aṣọ báǹkì ni mò ń wọ̀, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kan tó ń kó èèyàn ránṣẹ́ ló gbà mí, kì í ṣe báǹkì. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń tún kọ́ńtíráàtì mi ṣe. Lóṣù kẹta ọdún yìí wọ́n lé àwa 11 kan ní ẹ̀ka kan, kò sí lẹ́tà, WhatsApp ni wọ́n fi sọ fún wọn. Kò sí ẹni tó kọ ìròyìn rẹ̀ torí pé wọn ò kà wá mọ́ òṣìṣẹ́ báǹkì rárá. Ẹ̀yin ni wọ́n lé, àwa, wọ́n kàn pa iná ni.

Kọ́múrẹ́ẹ̀dì_Ṣùúrùlérè · Túsìdeè, 6:05 àárọ̀

Ọmọ Mushin, pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó wà ní àjà fún ìyàwó.

Ọmọ_Mushin · Túsìdeè, 6:11 àárọ̀

Ìyàwó tẹ́ ẹ̀ ń wí ti jẹ tirẹ̀ tán sir 😂 wọn ò tíì da pàṣán náà padà sí àjà

Kọ́múrẹ́ẹ̀dì_Ṣùúrùlérè · Túsìdeè, 6:30 àárọ̀

O jàre. Ẹ jẹ́ kí n bá Bàbá Róònkẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ṣe ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ báǹkì fún ọdún púpọ̀, NUBIFIE. Òfin wà! Labour Act, abala 20: tí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ìdí àti iye èèyàn fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹni tó dé kẹ́yìn ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ. Ẹni tó dé kẹ́yìn o! Báwo ni ẹni ọdún 22 ṣe máa lọ kí ẹni ọdún 2 kù? Wọ́n ti rú òfin. Ẹ gbé wọn lọ sí kóòtù, National Industrial Court wà fún irú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ HR Tẹ́lẹ̀ yẹn, àwáwí ni, àwọn ló máa ń fi nọ́ńbà bo ìwà ìkà mọ́lẹ̀.

Lọ́yàMọ́kọ́lá · Túsìdeè, 8:52 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ Kọ́múrẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì ka abala yẹn parí. Lóòótọ́ ó ní ẹni tó dé kẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ lọ, àmọ́ ó tún ní kí wọ́n wo ìmọ̀, agbára àti bí èèyàn ṣe ṣe é fọkàn tán. Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n máa gbà jáde nìyẹn. Èyí tó burú jù: "òṣìṣẹ́" tí òfin yẹn ń wí, àwọn tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ àti akọ̀wé ni. Ẹni tó bá ti di alábòójútó tàbí ọ̀gá, òfin yẹn ò bo orí ẹ̀. Bàbá Róònkẹ́, ìgbéga tẹ́ ẹ gbà ló mú yín kúrò lábẹ́ ẹ̀.

Ọjọ́ orí ńkọ́? Abala 42 nínú ìwé òfin 1999 ka ohun tí wọn ò gbọ́dọ̀ torí ẹ̀ ya èèyàn sọ́tọ̀: ìlú, ẹ̀yà, ibi tá a ti wá, akọ tàbí abo, ẹ̀sìn, èrò òṣèlú. Ọjọ́ orí ò sí níbẹ̀.

Kí ló wá kù? Àdéhùn yín. Ẹ wá ìwé ìlànà òṣìṣẹ́ tí wọ́n fún yín jáde, èyí tó wà nígbà tẹ́ ẹ wọlé àti èyí tí wọ́n tún ṣe. Tó bá sọ iye tí wọ́n máa san fún ẹni tí wọ́n dín kù, tí wọn ò san án, ẹjọ́ wà níbẹ̀. Tí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá báǹkì, ASSBIFI, bá ní àdéhùn pẹ̀lú báǹkì yín, láti ìgbà tí wọ́n tún ìwé òfin ṣe ní 2010 ni National Industrial Court ti lágbára láti wo inú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní tan yín o: ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ aládàáni, ẹni tó jàre gan-an, ohun tí kóòtù máa fún un lè má ju owó oṣù nótíìsì lọ. Kì í ṣe bíi ti iṣẹ́ ìjọba tí òfin gbé kalẹ̀, bíi ti Ọláníyan àti Yunifásítì Èkó ní 1985 tí kóòtù dá wọn padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan. Ẹ wò ó dáadáa bóyá ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ fúnra yín fiṣẹ́ sílẹ̀, tàbí pé ẹ ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ yín tán.

Ẹ̀gbọ́nPeckham · Túsìdeè, 12:18 ọ̀sán

Níbí ní UK, òfin Equality Act 2010 dárúkọ ọjọ́ orí kedere. Tí wọ́n bá ní kí o máa lọ torí pé iṣẹ́ ò sí mọ́, tó o ti lo ọdún méjì ó kéré tán, owó ń bẹ níbẹ̀: ẹni tó ti pé 41, owó ọ̀sẹ̀ kan àti ààbọ̀ fún ọdún kọ̀ọ̀kan, ẹni ọdún 22 sí 40, ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tó kéré sí 22, ààbọ̀ ọ̀sẹ̀. Ọdún 20 ni wọ́n ń kà mọ, wọ́n sì ní gbèdéke iye owó ọ̀sẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ lé èèyàn 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú kan, wọ́n gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ ní 30 ọjọ́ ṣáájú ó kéré tán, tó bá pé 100, ó di 45.

Èyí tó máa yà yín lẹ́nu: "ẹni tó dé kẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ lọ" tí Kọ́múrẹ́ẹ̀dì ń yìn yẹn, níbí, ọmọdé lè torí ẹ̀ pè wọ́n lẹ́jọ́ pé ó ń rẹ́ ọmọdé jẹ. Ọmọ Mushin, o rí i.

Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọn ò mọ ọgbọ́n ẹ̀wẹ́. Ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n fi máàkì yàn wá, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń fún ní máàkì ni "bí èèyàn ṣe ń tètè gba ìyípadà". Ẹ wo bí máàkì àwọn ẹni ọdún 50 ṣe máa rí.

ÀǹtíHouston · Túsìdeè, 4:40 ìrọ̀lẹ́

Ní Amẹ́ríkà ńkọ́, 1967 ni wọ́n ti ṣe òfin tó dáàbò bo ẹni tó ti pé 40. Tí ilé-iṣẹ́ bá ń lé ogunlọ́gọ̀, tí wọ́n fẹ́ kí o fọwọ́ sí i pé o ò ní pè wọ́n lẹ́jọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ fún ẹ ní 45 ọjọ́ láti rò ó, ọjọ́ 7 láti yí ọkàn padà lẹ́yìn tó o bá ti fọwọ́ sí i, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fún ẹ ní lístì: ipò iṣẹ́ àti ọjọ́ orí gbogbo ẹni tí wọ́n yàn àti ẹni tí wọn ò yàn. Wọn ò ní kọ orúkọ. Nígbà tó kàn mí, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì oúnjẹ, mo mú bírò pupa, mo ń yí ọjọ́ orí po. 58, 55, 61, 49. Àwọn tó kù, 34, 31, 29. Mo sunkún, mo sì gbé e lọ bá lọ́yà. Ó ní kí n má tíì yọ̀, láti 2009 ni Supreme Court ti ní o gbọ́dọ̀ fi hàn pé bí kì í bá ṣe ti ọjọ́ orí, wọn ò ní lé ẹ. Ó ṣòro. Ṣùgbọ́n lístì yẹn jẹ́ kí wọ́n fi kún owó mi.

Bàbá Róònkẹ́, ẹ ṣe lístì tiyín fúnra yín. Ẹ̀yin mẹ́sàn-án: ọjọ́ orí, ọdún iṣẹ́, ipò, ọjọ́ tí ìwé dé. Òfin Nàìjíríà lè má béèrè, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí i ò ní le sọ pé òun ò rí i.

AgbátẹrùPẹ́ńṣọ̀n · Túsìdeè, 7:15 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ kan ṣe. Ìyá Tòsín, oṣù mẹ́fà yẹn, òfin 2004 ló wí bẹ́ẹ̀. Òfin 2014 ti sọ ọ́ di oṣù mẹ́rin. Àti pé ìdá 25 yẹn, ẹni tí kò tíì pé 50 ló wà fún. Bàbá Róònkẹ́ ti pé 51, ọ̀nà tiwọn yàtọ̀: PFA yín, ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó pẹ́ńṣọ̀n yín, máa wo iye tó wà nínú àkáùńtì, ẹ lè gba díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tó bá jẹ́ pé ìyókù máa tó láti máa san fún yín lóṣooṣù, tàbí kí ẹ fi ra annuity, ìyẹn kí ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò máa san owó fún yín títí ayé yín. Ẹ má kánjú mú èyí tó pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan, mo ti rí ọ̀pọ̀ tí ohun tó kù fún wọn lóṣù ò tó owó gáàsì.

Ẹ gba sítétímẹ́ǹtì lọ́la. Ẹ wò ó oṣù dé oṣù. Ìdá 8 tiyín, ìdá 10 ti báǹkì ó kéré tán, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 tí wọ́n san owó oṣù ló yẹ kó ti wọlé. Tí oṣù kan bá fò, ìtanràn wà lórí wọn. Orúkọ yín lórí NIN àti lọ́dọ̀ PFA gbọ́dọ̀ bára mu pẹ̀lú.

HRTẹ́lẹ̀_Àgbárá · Túsìdeè, 7:58 alẹ́

Mo gbàgbé nǹkan pàtàkì kan: owó tẹ́ ẹ yá. Èlé òṣìṣẹ́ lẹ̀ ń san báyìí. Ní ọ̀pọ̀ báǹkì, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti jáde ni wọ́n máa sọ ọ́ di èlé ọjà, tàbí kí wọ́n yọ gbogbo ẹ̀ nínú owó tí wọ́n fẹ́ san fún yín. Ẹ béèrè fún èlé ti tẹ́lẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, ní ìwé, kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Nísinsìnyí tí wọ́n ṣì ń fẹ́ ìbuwọ́lù yín ni wọ́n lè gbà. Ẹ béèrè owó ìsinmi tẹ́ ẹ ò lò, ẹ béèrè ìgbà tí káàdì ilé-ìwòsàn máa kú. Ẹni tí òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bá wà lọ́wọ́ ẹ̀, kó lọ gbà á lọ́sẹ̀ yìí.

KọláPOS · Túsìdeè, 8:03 alẹ́

POS mi ṣì wà nílẹ̀ o

BàbáRóònkẹ́ · Wẹ́sìdeè, 9:50 alẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mi ò tíì fọwọ́ sí i. Mo rí ìwé ìlànà ti 2009 nínú àpótí ìyá Róònkẹ́ lábẹ́ aṣọ òkè, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tí wọ́n bá dín kù máa gba owó oṣù kan fún ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Lẹ́tà mi ò dárúkọ ẹ̀ rárá. Lọ́yà Mọ́kọ́lá, mo máa fi ránṣẹ́ sí yín. Sítétímẹ́ǹtì pẹ́ńṣọ̀n: oṣù méjì ló fò ní 2017. Mo ti pe àwọn mẹ́jọ tó kù, a ti ṣí WhatsApp, àwa mẹ́sàn-án la ti kọ ọjọ́ orí wa síbẹ̀. Ẹni tó kéré jù, 46.

Ọmọ Mushin, ọ̀rọ̀ rẹ ò kúrò lọ́kàn mi. Èmi ni mo máa ń buwọ́ lu ìwé ìwọlé àwọn ọmọ kọ́ńtíráàtì ní ẹ̀ka mi. Mi ò béèrè rí, ọdún mélòó kan ni mo fi buwọ́ lù ú.

Ọmọ_Mushin · Wẹ́sìdeè, 10:02 alẹ́

Kò burú sir. Ẹ ṣe é fún àwa náà tẹ́ ẹ bá rí kóòtù.

Abíọ́lá_Ọ̀tà · Tọ́sìdeè, 5:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, mo ń ka ibí nínú bọ́ọ̀sì. Báǹkì kan náà, mo mọ lẹ́tà ìlà mẹ́fà yẹn. Ọmọ ọdún 48, ọdún 19. Wọ́n pè mí lónìí aago kan. Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i kí n tó dìde, mo sì ti fọwọ́ sí i.

Lọ́yàMọ́kọ́lá · Tọ́sìdeè, 5:33 ìrọ̀lẹ́

Ìyá mi, ẹ má sunkún nínú bọ́ọ̀sì. Tẹ́ ẹ bá délé, kí ẹ tó sùn, ẹ kọ aago tí wọ́n pè yín, gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá yẹn, àti ohun tí wọ́n sọ nígbà tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ kà á. Ṣé wọ́n fún yín ní ẹ̀dà?

Abíọ́lá_Ọ̀tà · Tọ́sìdeè, 5:36 ìrọ̀lẹ́

Rárá.

BàbáRóònkẹ́ · Tọ́sìdeè, 5:41 ìrọ̀lẹ́

Èmi ní tèmi, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n kọ. Ẹ wá bá mi ní inbox kí n fi yín sínú WhatsApp yẹn. A ti di mẹ́wàá.